Ìmọ̀ Ni Tàbí Ìpín? Àgbéyẹ̀wò Ìgbanisíṣẹ́ Ọba ní Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ méjì kì í wọ́n lẹ́nu wa bí ìjọba àpapọ̀ bá gba èèyàn síṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ti fi fẹ́dírà kárátà, ìyẹn ètò pípín iṣẹ́ ọba láàrin àwọn ìpínlẹ̀, gbé ẹni tí kò mọ nǹkan kan lé orí ẹni tó mọṣẹ́. Èkejì ni pé, "Àwa dà? Mélòó ni wọ́n mú níbi tiwa?" Ẹnu kan náà ló sì máa ń sọ méjèèjì. Bí orúkọ ará ibòmíràn bá pọ̀ nínú ìwé, ìmọ̀ la fi ń jà. Bí orúkọ tiwa bá pọ̀, a ó ní ọmọ wa ló kàwé jù. Bí tiwa ò bá sí níbẹ̀ rárá, ìpín la ó béèrè.

Òfin tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ti wà láti ọdún 1979, àwọn ohun tó bí òfin náà sì ti wà ṣáájú òmìnira. Nínú àgbéyẹ̀wò yìí, a ó wo ibi tí ìpín ti wá, bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, àwọn tó ń gbè àti àwọn tó ń tì sẹ́yìn, àti bí orílẹ̀-èdè méjì mìíràn ṣe ń ṣe tiwọn. Ibi tí èmi fì sí, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀: ìpín kọ́ ló ń pa ìmọ̀ ní Nàìjíríà. Òkùnkùn tí wọ́n ti ń pín in ni.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Lọ́dún 1948, ìgbìmọ̀ kan tí Hugh Foot darí dábàá pé kí ìjọba amúnisìn má gba òyìnbó síṣẹ́ mọ́ níbi tí ọmọ Nàìjíríà tó kúnjú òṣùwọ̀n bá wà. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn wo ló ti kúnjú òṣùwọ̀n nígbà náà? CMS Grammar School ti wà l'Ékòó láti ọdún 1859. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina, lókè Ọya, di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 kó tó dìde. Àwọn òyìnbó ti ṣèlérí fún àwọn ẹ́mìà pé míṣọ́nnárì kò ní í máa wọ ìlú wọn bó ṣe wù ú, bẹ́ẹ̀ ibi tí míṣọ́nnárì bá dé ni ilé ìwé máa ń dé. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ti Ahmadu Bello ní Zaria di 1962. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ sì dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, àlàfo náà tún fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ń pariwo ìmọ̀ nígbà yẹn, ìmọ̀ tí ìjọba kò fi ọgbọọgba há fáwọn èèyàn ló ń sọ.

Àwọn olórí Àríwá ṣe ìṣirò tiwọn. Wọ́n rí i pé bó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí nìkan ni wọn yóò wò, àga tí òyìnbó bá dìde lórí rẹ̀, ọmọ Gúúsù ni yóò jókòó síbẹ̀. Ni wọ́n bá là á kalẹ̀ pé ọmọ Àríwá ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Bí kò bá sí, kí wọ́n mú òyìnbó. Bí òyìnbó kò bá sí ni kí wọ́n tó mú ọmọ Gúúsù, àdéhùn onígbà díẹ̀ ni wọn yóò sì bá a ṣe. Ó ká àwọn ará Gúúsù lára pé àlejò láti òkè òkun ṣáájú wọn ní orílẹ̀-èdè wọn. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa jẹ. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àti ti Ìlà Oòrùn náà kì í gbé iṣẹ́ wọn fún ará ibòmíràn nígbà tí ọmọ ilé bá wà nílẹ̀. Nínú iṣẹ́ ológun pàápàá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n ti pín in pé kí Àríwá mú ìdajì, kí Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn mú ìdá kan-kan nínú mẹ́rin.

Ìdìtẹ̀ gbàjọba dé, ogun abẹ́lé tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1975, Murtala Muhammed gbé iṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ tí yóò kọ òfin tuntun fún ilẹ̀ wa. Àádọ́ta èèyàn ni wọ́n yàn. Awólọ́wọ̀ ní òun ò ṣe, wọ́n wá ku mọ́kàndínláàádọ́ta, Rotimi Williams sì ni alága wọn. Ọwọ́ wọn ni fẹ́dírà kárátà ti jáde. Ó wọ inú òfin 1979, ó sì wà ní abala 14 òfin 1999 títí dòní: kí àwọn èèyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ má gba ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ kan, kí gbogbo ará ìlú lè rí i pé tiwọn ni ìjọba. Abala 147 ní kí mínísítà kan ó kéré tán wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Abala 217 sọ irú rẹ̀ nípa àwọn ológun. Ní 1996, ìjọba Abacha fi òfin dá àjọ Federal Character Commission sílẹ̀ láti máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń pín in.

Ẹ ka abala 14 yẹn lákàtúnkà, ẹ ò ní í rí ibi tó ti ní kí wọ́n mú ẹni tí kò mọṣẹ́. Ibi tí èèyàn ti wá ló sọ. Irú èèyàn tó yẹ kó jẹ́, kò yọ ọ́ kúrò.

Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe ń lọ

Òté tí àjọ náà fi ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ní kéré sí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò sì gbọdọ̀ ní ju ìdá 3 lọ. Àbújá, olú ìlú, kò gbọdọ̀ ní kéré sí ìdá 1. Bó bá jẹ́ ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fẹ́ fi pín in, ó kéré tán ìdá 15 ni fún ẹkùn kan, kò sì gbọdọ̀ kọjá 18.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú rẹ̀ hàn. Ká ní 200 àyè ló ṣí ní ilé iṣẹ́ kan. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò mú márùn-ún ó kéré tán, mẹ́fà ni ó pọ̀ jù. Ìpínlẹ̀ 36 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 180. Àbújá mú méjì. Ó di 182. Àyè 18 péré ló ṣẹ́ kù tí ìdíje gbogboogbò lè wọ̀. Kódà, bí ọgbọ̀n ọmọ ìpínlẹ̀ kan bá wà lára àwọn 200 tó mókè jù lọ nínú ìdánwò, mẹ́fà péré ni òté yìí yóò jẹ́ kí wọ́n mú.

Bí a bá wá fi ti ẹkùn kún un, ọ̀rọ̀ náà a lọ́jú pọ̀. Ìpínlẹ̀ méje ni Àríwá Ìwọ̀ Oòrùn ní: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá mú márùn-ún tó kéré jù, wọ́n ti ní 35, nígbà tí 36 jẹ́ òpin fún ẹkùn wọn. Ìpínlẹ̀ márùn-ún ni Gúúsù Ìlà Oòrùn ní: kí ẹkùn wọn tó lè ní 30 tó kéré jù, àfi kí ìpínlẹ̀ wọn kọ̀ọ̀kan mú mẹ́fà, èyí tó pọ̀ jù. Èyí wà lára ìdí tí àwọn Ìgbò kò fi yé béèrè ìpínlẹ̀ kan sí i. Tiwa ní Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn, tó ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà, bá òté náà mu wẹ́kú.

Iye èèyàn kò sì sí nínú ìṣirò yìí rárá. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, Kano ní ju mílíọ̀nù mẹ́sàn-án èèyàn lọ, Bayelsa ní bíi mílíọ̀nù 1.7. Márùn-ún márùn-ún ni wọn yóò mú nínú 200. Nítorí náà ló fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni ìlú kan tàbí òmíràn ń béèrè ìpínlẹ̀ tirẹ̀: ìpínlẹ̀ 12 la ní ní 1967, ó di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996. Ẹni tó bá gba ìpínlẹ̀ tuntun ti gba àga mínísítà kan àti ìpín kan nínú gbogbo iṣẹ́ ọba.

Ọmọ ta ni ọ́?

Òfin 1999 ní ẹni tí òbí rẹ̀ kan, tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan, bá jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ níbì kan ni ọmọ ibẹ̀. Ibi tí wọ́n bí ọ sí, ibi tí o ti kàwé, ibi tí o ti ń san owó orí, kò sí èyí tó kàn wọ́n. Bí ọmọ kan bá dàgbà ní Sùúrùlérè, tí kò mọ ibòmíràn, tí bàbá bàbá rẹ̀ sì ti Enugu wá, Enugu ni yóò ti lọ gbàwé ìjọba ìbílẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Láàrin àwa Yorùbá pàápàá, ẹ wo àwọn Ìgbómìnà. Ìlá-Ọ̀ràngún wà ní Ọ̀ṣun, Òmù-Àrán wà ní Kwara. Èdè kan ni, ìran kan ni. Ṣùgbọ́n tó bá kan yunifásítì ìjọba àpapọ̀, JAMB ya ìdá 45 sọ́tọ̀ fún ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní agbègbè ilé ìwé náà, ìdá 20 fún ìpínlẹ̀ 23 tí wọ́n kà sí pé ẹ̀kọ́ wọn rẹ̀yìn. Kwara wà lára 23 yẹn. Ọ̀ṣun kò sí níbẹ̀. Àbúrò ní Òmù-Àrán ń rí ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ gbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlá kò rí i. Ààlà tí ìjọba fà ló yà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ obìnrin tó lọ́kọ tún burú jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, wọ́n fẹ́ búra fún àwọn adájọ́ tuntun ní Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ifeoma Jombo-Ofo wà lára wọn. Ọmọ Anambra ni, Abia ni ọkọ rẹ̀ ti wá, ìpín Abia ni wọ́n sì fi yàn án. Ibi ìbúra gan-an ni Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ wa nígbà náà, Aloma Mukhtar, ti ní òun kò ní í búra fún un, nítorí pé ọmọ Anambra ni, ìpín Abia kì í ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Mukhtar fúnra rẹ̀ ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Àwọn aṣòfin àgbà dá sí i, ariwo sì pọ̀ kí wọ́n tó búra fún Jombo-Ofo níkẹyìn. Kò sí ẹni tó ní kò mọ òfin, kò sí ẹni tó ní kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ọkọ tó lọ ni wọ́n bá wí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àbá kan dé iwájú àwọn aṣòfin pé kí obìnrin lè di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Wọ́n fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Máàkì 2 àti máàkì 139

Kò sí ohun tó mú ara ìlú bínú sí ọ̀rọ̀ ìpín tó ìdánwò àwọn ọmọdé tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀. Ní 2013, ọmọ Anambra kò lè wọlé láì gba máàkì 139. Ọmọkùnrin láti Yobe, bó bá ti gba 2, ó ti wọlé. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó dájọ́ ní 2014, nínú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba pè, pé ó jẹ́ ojúsàájú, ó sì lòdì sí abala 42 òfin wa.

Mo gbà pẹ̀lú ẹni tó ní 2 kéré jù. Ṣùgbọ́n kí a tó rẹ́rìn-ín, ká rántí ohun tí Yobe ń bá yí lọ́dún yẹn. Ìjọba ti kéde ipò pàjáwìrì níbẹ̀ nítorí Boko Haram, àwọn ilé ìwé ti di pípa tì. Ní oṣù kejì ọdún 2014, àwọn agbébọn wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Buni Yadi lóru, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin níbi tí wọ́n sùn sí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọpọlọ ọmọ Yobe kéré. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé máàkì 2 kò tún nǹkan kan ṣe. Ọmọ tí wọ́n gbà wọlé láì kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀ yóò máa rákò lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi jáde.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé abala 42 yẹn kan náà, ní ìpín rẹ̀ kẹta, yọ ìgbanisíṣẹ́ ọba sọ́tọ̀: òfin lè fi ààlà sí ẹni tí wọ́n lè gbà sí iṣẹ́ ọba láìjẹ́ pé ojúsàájú ni wọn yóò pè é. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìpín iṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí Agbakoba ti ṣe, ojú ọ̀nà rẹ̀ kò ní í dán.

Ibi tí wọ́n ti ń pín in

Ní 1960, ó ṣòro láti rí ọmọ Sókótó tó jáde yunifásítì. Lónìí, láti 2013, kò sí ìpínlẹ̀ kankan tí kò ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tirẹ̀. Ọmọ tó kàwé ti wá wà níbi gbogbo; iṣẹ́ ni kò tó. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìwọlé-wọ̀de (Immigration) pe àwọn tó ń wáṣẹ́ fún ìdánwò ní pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè. Àyè tó ṣí kò tó 5,000. Àwọn tó san ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan láti forúkọ sílẹ̀ ju 500,000 lọ. Ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin, èrò tẹ ara wọn pa. Ó kéré tán, èèyàn 15 ló kú.

Ẹ fi iye àyè pín iye èèyàn. Ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ tó ń du àyè kan. Bí wọ́n bá mú ẹni kan láti ìpínlẹ̀ kan, tí ẹni náà kò mọ ohunkóhun, kì í ṣe nítorí pé kò sí ọmọ gidi ní ìpínlẹ̀ yẹn. Ẹnì kan ló mú ọmọ tirẹ̀, ó fi ẹni tó mókè sílẹ̀. Yorùbá ní ẹni tó bá ní baba ní ìgbẹ́jọ́ kì í jẹ̀bi. Nínú iṣẹ́ ọba, ẹni tó bá ní baba lábẹ́ orúlé àjọ kì í fìdí rẹmi.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìjọba a ní òun ti dá ìgbanisíṣẹ́ dúró, ilé iṣẹ́ tó bá tọrọ wéfà lábẹ́lẹ̀ a sì rí i gbà. Wọn kì í polówó iṣẹ́ náà fún aráyé, bẹ́ẹ̀ òté àjọ náà ní kí wọ́n polówó. Sílọ́ọ̀tì a wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín: fún aṣòfin díẹ̀, fún mínísítà díẹ̀, fún ọ̀gá àgbà díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá sílọ́ọ̀tì kan" ti di ohun tí ọmọ tó jáde yunifásítì ń sọ láìfi bò. Nígbà tí wọ́n bá kó orúkọ jọ tán, wọ́n á to ìpínlẹ̀ wọn kí ìṣirò lè jáde bó ṣe yẹ: márùn-ún ti Ògùn pé, márùn-ún ti Jigawa pé. Lórí ìwé, fẹ́dírà kárátà ti pé. Ẹni tó mókè láti Ògùn àti ẹni tó mókè láti Jigawa, àwọn méjèèjì wà nílé.

Ní 2023, ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu àwọn kan tó ní àwọn san owó tó tó mílíọ̀nù náírà kí àwọn tó ríṣẹ́ nínú àjọ tó ń ṣọ́ ìpín gan-an. Àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní irọ́ ni. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ṣùgbọ́n pé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lè jáde nípa àjọ yẹn tó láti jẹ́ kí a wá ọ̀nà mìíràn.

Àwọn ìpín mìíràn wà tí kò kan ìpínlẹ̀. Òfin tí Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ní kí àwọn akanda ẹ̀dá jẹ́ ìdá 5 ó kéré tán nínú òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba. Ètò ìjọba fún àwọn obìnrin ti ní ìdá 35 láti 2006, ilé ẹjọ́ kan ní Àbújá sì ní kí ìjọba mú un ṣẹ ní 2022. Èmi kò rí ibi tí ariwo ìdá 5 yìí ti tó ìdajì ariwo tí à ń pa lórí ìpínlẹ̀. Akanda ẹ̀dá kò ní gómìnà tí yóò bá a bínú.

Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe tiwọn

Ní Íńdíà, ìpín iṣẹ́ ọba kì í ṣe ti ìpínlẹ̀. Ó jẹ́ ti àwọn tí àṣà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ayébáyé. Ìdá 15 wà fún àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́ tẹ́lẹ̀, 7.5 fún àwọn ẹ̀yà orí òkè àti inú igbó, 27 fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó rẹ̀yìn, 10 fún tálákà nínú àwọn yòókù láti 2019. Ní 1992, kí ìdá 10 yẹn tó dé, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn sọ ohun méjì tó wúlò fún wa: kí ìpín má kọjá ìdajì, kí wọ́n sì yọ ọmọ olówó àti ọmọ ọ̀gá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó ń gba ìdá 27. Ohun kẹta tó tún wúlò ni pé ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, wọ́n sì ń gbé máàkì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi wọlé jáde fún gbogbo ayé. Ẹni tó wà ní abẹ́ ìpín tó bá gba máàkì tó àwọn tí kò sí lábẹ́ ìpín, láàrin àwọn yẹn ni wọn yóò kà á sí.

Brazil, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ṣẹrú, tí àwọn ọmọ wọn sì pọ̀ ní Bahia, ṣòfin ní 2014 pé kí ìdá 20 nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi lé e. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, wọ́n tún jókòó yẹ̀ ẹ́ wò; ní 2025 wọ́n sọ ọ́ di 30, wọ́n sì fi àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn ìran ẹrú tó sá lọ dá abúlé sílẹ̀ kún un. Ìdánwò gbangba ni òfin ilẹ̀ wọn fi lélẹ̀ fún iṣẹ́ ọba, ẹni tó wà ní abẹ́ ìpín kò lè yẹra fún un.

Tiwa kò ní ọjọ́ ìparí, kò yọ ọmọ olówó kúrò, ó sì ṣọ̀wọ́n kí èèyàn rí máàkì ẹnikẹ́ni. Ọmọ mínísítà láti Zamfara tó kàwé ní London ló ń gba ìpín tí wọ́n ní torí ọmọ àgbẹ̀ Zamfara ni àwọn ṣe yà á sọ́tọ̀.

Ohun tó kù ká ṣe

Àwọn tó ní kí wọ́n fagi lé ìpín pátá kò rò ó dé ibi tó yẹ. Bí iṣẹ́ ọba bá kún fún àwọn ará ìpínlẹ̀ mẹ́jọ, ẹ̀rù tó bí ètò àwọn ará Àríwá ní àwọn ọdún 1950 yóò tún padà wá, ẹnikẹ́ni kò sì ní í gbà pé ìdánwò ló mú un rí bẹ́ẹ̀. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní. Nílé wa níbí gan-an, àwọn Yewa ní Ògùn ń béèrè ìgbà tí gómìnà yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí láti 1976 ni wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. A kò lè máa béèrè ìpín ní Abẹ́òkúta, ká máa bú u ní Àbújá.

Àwọn tó ń gbè ìpín lẹ́yìn náà ní láti gbà pé ó ti yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Kí ibi tí èèyàn ti gbé pẹ́ àti ibi tó ti kàwé rọ́pò bàbá bàbá rẹ̀. Kí obìnrin tó lọ́kọ lè yan ìpínlẹ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má tún lé e kúrò níbẹ̀. Kí ọmọ àwọn tó ti dé ipò gíga bọ́ sínú ìdíje gbogboogbò. Kí wọ́n máa yẹ òté náà wò ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni wọ́n lè ṣe, kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn ni n ó mú. Kí ìdánwò wà láàrin àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá gba 200, kí a rí orúkọ 200, ìpínlẹ̀ wọn àti máàkì wọn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tẹ̀ lé wọn ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọn kò mú. Kò ní í ná ìjọba ní ohun tó ju ojú ìwé díẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí yóò takò ó kọ́kọ́ kì í ṣe àwọn ará Àríwá tàbí ará Gúúsù. Àwọn tó ń pín sílọ́ọ̀tì ni, wọ́n sì wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì.